Ojú Ọ̀gá Àgbà Nínú Fídíò Páìpù

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ le koko, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n má bo àṣírí òun, kí n má sì sọ pé àwọn ọ̀tá ló dìtẹ̀ mọ́ òun, nítorí kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ náà àfi òun àti fóònù òun. Mo bi í pé ṣé kí n dín ìgbéraga rẹ̀ kù díẹ̀ nínú ìwé. Ó ní, "Bí o bá dín in kù, wọn ò ní gbà pé èmi ni." Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, níbi tí ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ mọ̀ pé mo gbàṣẹ kí n tó kọ ọ́.

Iṣẹ́ pọ́ńbà ni ọkùnrin yìí kọ́ nígbà èwe rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ogún ọdún ló fi ń ti orí bọ abẹ́ síǹkì àwọn olówó àti àwọn tálákà. Nígbà tí wọ́n mú un wá kọ́ni ní iléèwé iṣẹ́ ọwọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa sọ pé bí tíṣà àwọn bá fi etí lé ògiri, á sọ ibi tí páìpù ti ń jò. Ohun tó bà á jẹ́ ni ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ Ọ̀gá Àgbà. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n fún un ní àga tó ń yí, wọ́n sì fún un ní Igbákejì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá kó sì máa mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá ní oòrùn mú lónìí, Igbákejì á ní, "Háà! Ọ̀gá mi! Ẹ wo bí ẹ ṣe rí i!" Bí Ọ̀gá bá sín níbi ìpàdé, Igbákejì á kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Kò pé ọdún méjì tí Ọ̀gá Àgbà ò fọwọ́ kan sípánà mọ́. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó ní ipò ni.

Ọjọ́ Ajé kan ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo iléèwé iṣẹ́ ọwọ́. Ojú ewé kan péré ni. Ìgbìmọ̀ ní kí iléèwé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ran ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ó, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìyànjú ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n sì tún padà wò ó. Ìlà tó kẹ́yìn ló sọ pé ọ̀gá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ọdún náà ni wọ́n máa fi ṣe Olùdarí gbogbo iléèwé. Ọ̀gá Àgbà ka ìlà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn ìlà tó kù, ó ní òun á padà kà wọ́n bí àyè bá yọ. Títí di òní olónìí, àyè ò tíì yọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo iléèwé jọ, ó sì gun orí àpótí kan tí àwọn káfíńtà fi odindi òru kan kàn fún un.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló fi bẹ̀rẹ̀. "Kí ni sípánà? Irin lásán! Kí ni páìpù? Ihò gígùn! Ọdún mélòó la ó fi máa kúnlẹ̀ sínú omi ìdọ̀tí kí á tó mọ̀ pé ayé ti lajú? Láti òní lọ, ìmọ̀ yóò máa jáde láti ojú mi, yóò gba inú tẹlifíṣọ̀n kọjá, yóò sì wọ agbárí yín lọ láìsí pé ìka kan dọ̀tí! Ẹni tó bá wo ojú mi fún oṣù mẹ́fà tí kò di pọ́ńbà, kí ó lọ rí dókítà!"

Igbákejì bú sẹ́kún. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun á wà láyé gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo iléèwé pàtẹ́wọ́, títí kan tíṣà ìṣirò wọn, ìyẹn èmi tí mò ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ní mo pàtẹ́wọ́ títí awò ojú mi fi já bọ́, n kò sì lè jiyàn.

Wọ́n pe ayafídíò kan wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà wọ kóòtù dúdú, ó de táì pupa, ó sì kúnlẹ̀ síwájú síǹkì lórí ìrọ̀rí tí Igbákejì tẹ́ fún un. Ó mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì. Ayafídíò gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tí wọ́n jókòó wo ohun tí wọ́n yà, ìka ló kún inú rẹ̀, ó mọ́ kedere, ẹni tí kò rí páìpù rí lè kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀.

"Ojú mi dà?" ni Ọ̀gá Àgbà bi í.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ìyẹn ni mo ṣe ya ọwọ́."

"Ta ló mọ ọwọ́ yìí? Ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni! Ó lè jẹ́ ọwọ́ olè!"

"Háà! Ọ̀gá mi!" ni Igbákejì wí. "Ọwọ́ olè! Ẹ wo bí ẹ ṣe rí i!"

Wọ́n ní kí ayafídíò máa lọ. Ọ̀gá Àgbà yọ fóònù tirẹ̀, ó gbé e lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì yí i kó kọjú sí òun, kí ó lè máa rí bí táì rẹ̀ ṣe dúró bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara rẹ̀, ẹni inú fóònù náà rẹ́rìn-ín padà, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni wàhálà ti wọlé. Gbogbo wa la mọ̀ pé dígí máa ń yí ọ̀tún ẹni padà sí òsì. Fóònù Ọ̀gá Àgbà, bí ó bá ti kọjú sí ènìyàn, bí dígí gan-an ló ṣe ń rí nǹkan, bó sì ṣe rí i náà ló ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí Ọ̀gá ń yí sí ọ̀tún, òsì ló ń yí sí nínú fídíò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn ni, a lè rẹ́rìn-ín ká sì kọjá. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ pọ́ńbà, ọ̀tún la fi ń pa omi, òsì la fi ń ṣí i, omi ò sì ní béèrè lọ́wọ́ ènìyàn bóyá fídíò ló wò.

Kì í ṣe pé àmì ò sí. Orúkọ iléèwé tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́yìn Ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó. Ìyàwó Ọ̀gá, télọ̀ tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé fídíò náà wálé kí wọ́n lè jọ yọ̀.

"Baálé mi, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aago sí ọwọ́ ọ̀tún?"

"Ipò ló gbé e lọ síbẹ̀."

"Ṣé ipò náà ló yí lẹ́tà ara ògiri padà?"

Ọ̀rọ̀ yìí ká Ọ̀gá lára díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi Igbákejì. Igbákejì ronú fún ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Háà! Ọ̀gá mi, nítorí àwọn olè ni. Ẹni tó bá fẹ́ jí fídíò wa, kò ní lè kà á." Ọ̀gá padà sílé lọ ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ bí òun ṣe gbọ́n tó. Ìyàwó rẹ̀ fi eyín gé òwú, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Fídíò àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Ọ̀gá Àgbà ń kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń kí àwọn òbí wọn, ó ń kí àwọn tí wọn ò tíì bí. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń sọ bí òun ṣe kéré kí òun tó tóbi. Ìgbà náà ló wá kúnlẹ̀, ó yí nǹkan, ó dìde, ó nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sí yàrá iṣẹ́. Òfin tuntun sì jáde: bí ojú Ọ̀gá bá yọ, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dìde, bí ó bá ní "Ẹ káàárọ̀," kí wọ́n dá a lóhùn pé "Ẹ káàárọ̀, sà," ìbáà jẹ́ ọ̀sán. Bí iná bá lọ, kí wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú kí wọ́n máa rántí.

Àwọn irin iṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n fọ gbogbo sípánà, wọ́n fi epo pa wọ́n, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí wọ́n ti di ohun ẹ̀ṣọ́ fún fídíò. Wọ́n pa omi yàrá iṣẹ́ kí ilẹ̀ má bàa tutù. Nígbà tí tíṣà páìpù ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n fi í ṣe Alábòójútó Bọ́tìnnì, ìyẹn ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tan fídíò kó sì pa á. Ìdánwò kékeré tí wọ́n ṣe láàárín ọdún ní ìbéèrè márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni: Ẹ̀ẹ̀melòó ni Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín nínú fídíò kẹta?

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í sùn kó má wo fídíò rẹ̀. Ó ń wò ó níbi oúnjẹ, ó ń wò ó nínú mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ á máa yí bí ti inú fóònù ṣe ń yí, nínú afẹ́fẹ́, láìsí páìpù níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, torí òun fúnra rẹ̀ ní bí mo bá fò ó, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógún ló fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ọdún mọ́kànlá ló fi jẹ́ agbálẹ̀ ní ọsibítù. Ibi tí omi bá ti jò, òun ni wọ́n ń pè kó wá nù ún, ó sì ti sú u láti máa nu omi láìmọ bí wọ́n ṣe ń dí ibi tó ti ń jò. Bàbá pọ́ńbà ọsibítù ń fẹ̀yìntì ní ìparí ọdún. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá mú ìwé ẹ̀rí wá kí bàbá náà tó lọ, iṣẹ́ náà di tirẹ̀. Bí kò bá rí i mú wá, wọ́n á wá ẹlòmíràn. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó ń ro sùn, tó ń ro jí.

Ọ̀rọ̀ fídíò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn gan-an. Ó fi í sínú fóònù rẹ̀, ó sì ń wò ó nílé bó ti ń se oúnjẹ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó yá sípánà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wọ abẹ́ síǹkì ilé ìdáná, ó gbé fóònù síbi tó ti lè rí i, ó sì ṣe gẹ́lẹ́ bí Ọ̀gá ṣe ṣe. Omi fọ́n sí i lójú. Ó nù ún, ó tún fídíò wò, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, omi tún fọ́n. Ìgbà kẹta ló pa fóònù tì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ọ̀nà, ó sì rí i pé òdìkejì ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fídíò yín dára o. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí mo lè dá a dúró, kí n tún un wò. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ọ̀tún ti di òsì nínú rẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Mo gbìyànjú rẹ̀ nílé, sà. Ibi tó ní kí n máa yí i sí, ibẹ̀ lomi ń gbà jáde. Bí ẹ bá lè jẹ́ ká fọwọ́ kan síǹkì gidi kí ìdánwò tó dé, ẹ óò rí i."

Ọ̀gá Àgbà dìde. Àga rẹ̀ tó ń yí yí lẹ́yìn rẹ̀. "Obìnrin yìí! Kí o tó mọ̀ pé omi ń jáde lára ògiri ni mo ti ń fi sípánà jẹun! Ìwọ fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀tún mi?"

"Háà! Ọ̀gá mi!" ni Igbákejì wí. "Ó fẹ́ kọ́ yín ní ọ̀tún yín!"

"Yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìdánwò," ni Ọ̀gá wí. "Kó lọ sílé lọ kọ́ ìwà."

Ìyá Ìbejì bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ti ọsibítù fún un, ó sọ ti bàbá tó ń fẹ̀yìntì. Ọ̀gá ti mú fóònù rẹ̀, ó ń wo bí eruku ṣe bà lé ojú rẹ̀. Mo pàdé obìnrin náà ní ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń jáde, omijé ti bò ó lójú. Ó ṣe mí láàánú gan-an, mo sì yára wọ kíláàsì mi kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé ó ṣe mí láàánú.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Olùdánwò tí Ìgbìmọ̀ rán wá jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà tó nípọn, tó gbé ìwé orúkọ sábẹ́ apá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé àga aláràbarà fún un. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá. Ó fi ara rẹ̀ wé oòrùn, ó rò ó dáadáa, ó sì ní oòrùn gan-an ń wọ̀ nírọ̀lẹ́, òun kì í wọ̀.

"Àwọn síǹkì dà?" ni Olùdánwò bi í.

Síǹkì mẹ́tàdínlógún wà ní yàrá iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún sì dúró tì wọ́n. Wọ́n ti ṣí omi sí gbogbo wọn. Iṣẹ́ náà rọrùn: kí wọ́n yí ọwọ́ ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ síǹkì láti pa omi, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì oníke tó de rọ́bà àtijọ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi rọ́bà tuntun rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n dè é padà. Pọ́ńbà gidi á ṣe é kí ó tó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

"Ẹ pa omi," ni Olùdánwò wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì yí ọwọ́ ẹ̀rọ sí òsì. Níwọ̀n bí ó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, kò lọ síbì kankan. Wọ́n rò pé ó ti pa. Wọ́n fi sípánà há nọ́ọ̀tì, wọ́n sì ń yí i sí ọ̀tún láti tú u. Bí wọ́n ṣe ń yí i ló ń le sí i. Wọ́n tẹra mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ ti ògiri kó lè rí agbára lò. Ọ̀gá Àgbà ń wò wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí èmi gan-an!"

Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ là. Omi ta jáde lábẹ́ síǹkì, ó bá akẹ́kọ̀ọ́ náà láyà, ó sì sọ ọ́ sẹ́yìn. Ìkejì là. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́. Omi ń fọ́n lọ sókè, omi ń fọ́n sí ẹ̀gbẹ́, tẹlifíṣọ̀n ńlá náà ké pẹ́ẹ́, ó sì kú mọ́ Ọ̀gá níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, "A ti pa á o! A ti pa á!" Omi gba orí bàtà Olùdánwò kọjá. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gun orí tábìlì, mo sì gbé àwọn ìwé ìṣirò mi lérí.

"Kò burú! Kò burú!" ni Ọ̀gá ń ké. "Pọ́ńbà ni mí!" Ó sá jáde lọ sẹ́yìn yàrá iṣẹ́, níbi tí kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń pa omi yàrá iṣẹ́ náà wà. Ìdajì péré ni wọ́n ṣí i sí láàárọ̀. Ó di kẹ̀kẹ́ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ yí i. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òsì ló yí i sí. Ọdún kan gbáko tó fi ń wo ara rẹ̀ nínú fóònù ti fọ ogún ọdún iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú yàrá iṣẹ́, omi di ìlọ́po méjì, a sì tún figbe ta. Ó tún yí i sí òsì.

"Ọ̀gá, ọ̀tún ni!"

Ìyá Ìbejì ni. Ó ti wà lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀, ó ń dúró kí Olùdánwò jáde kó lè bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá gbọ́ ohun tó wí. Orí rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbà. Ó ní bí òun ṣe ń sọ fún ọwọ́ náà pé ọ̀tún ni, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sí òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún," ni obìnrin náà wí. Ó fi ìdí tì í díẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó sì yí i sí ọ̀tún títí kò fi lè yí mọ́. Ariwo omi dákẹ́.

Gbogbo wa rọ́ jáde, omi ń ro lára wa. Olùdánwò yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò mọ́, ó tún wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló pa omi yìí?"

"Èmi ni, mà," ni Ìyá Ìbejì wí.

Olùdánwò ṣí ìwé orúkọ rẹ̀ tó ti rin gbingbin. "Mi ò rí orúkọ rẹ níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́?"

Igbákejì ti dé iwájú kí obìnrin náà tó la ẹnu. "Rárá o, mà! Wọ́n ti lé e! Òun gan-an ló ba omi jẹ́! Ìbínú ló mú un wá. Ẹ kúkú rí i níbi ẹ̀rọ!" Ó yíjú sí Ọ̀gá, ó ṣẹ́jú sí i. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ọ̀gá mi?"

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Àgbà. Kóòtù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, táì pupa rẹ̀ ń ro omi pupa sí ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun rí àga Olùdarí ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, pé òun rí i tó súnmọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi lè jókòó sínú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ gbọ́? Ó ní òun ti la ẹnu láti sọ ọ́. Ó ní òun wo Ìyá Ìbejì, obìnrin náà ò bẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sì bínú. Ńṣe ló ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu kẹ̀kẹ́ irin náà, bí ẹni tó ti máa ń nu omi látọjọ́ tó ti pẹ́.

"Irọ́ ni," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Ó sọ fún mi pé fídíò mi ti yí ọ̀tún sí òsì, mo sì yọ orúkọ rẹ̀. Mo yí fóònù kọjú sí ara mi kí n lè máa wo táì mi. Ojú mi ni mo ń kọ́ wọn láti ọdún kan wá, mi ò kọ́ wọn ní iṣẹ́ kankan. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò."

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó tíì sọ láti ìgbà tó ti di Ọ̀gá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Olùdánwò ní, "Ẹ wá síǹkì kan tí kò tíì fọ́ fún mi."

Wọ́n rí ọ̀kan ní ilé ìdáná iléèwé. Olùdánwò jókòó lórí garawa, Ìyá Ìbejì wọ abẹ́ síǹkì, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó jáde. Olùdánwò fi ọwọ́ pa ìdí nọ́ọ̀tì náà yí ká. Ó gbẹ. Ó fi bírò kọ orúkọ obìnrin náà sórí ìwé tútù náà, ó sì fàmì sí i pé ó yege. Ìyá Ìbejì bọ́ síta, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sì sunkún ayọ̀ bí ẹni tí wọ́n dá ilé padà fún.

Àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù, Ìgbìmọ̀ fún wọn ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n mú Ọ̀gá Àgbà kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n sì dá a padà sí yàrá iṣẹ́ pé kó lọ kọ́ wọn ní ohun tó gbàgbé. Ọjọ́ tí Ọ̀gá tuntun dé, ó ní ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀. A sì gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ní, "Háà! Ọ̀gá mi!"

Wọ́n ṣì ń lo fídíò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni, ọwọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ayafídíò jẹ́jẹ́ yẹn ló sì yà á. Wọ́n á wò ó, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á wọ abẹ́ síǹkì, wọ́n á tún padà wò ó. Ọkùnrin náà a máa kúnlẹ̀ sí àárín wọn láìsí ìrọ̀rí, ikùn rẹ̀ a há mọ́ ìlẹ̀kùn síǹkì, wọ́n á sì bá a fà á jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì gbọ́ràn tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo rí i tó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, tó sì fẹ́ yí i.

"Ọ̀tún, sà!" ni gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó dúró. Ó yí i sí ọ̀tún, omi sì dá. Ó fi orí kọ lu ìsàlẹ̀ síǹkì bó ṣe ń jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ló wí, "ẹ̀yin tíṣà mi."